Ìwọ̀n Àpótí Pupa

Titus gbé àpótí pupa náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ìyàwó wọlé, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gun orí ìwọ̀n, ó fi tòsì tẹ̀ lé e, ó sì dúró gbagidi láàárín bálùwẹ̀.

"Tètè wò ó o," ó ní. "Ọwọ́ mi ti ń já."

Lucy fi ọwọ́ ti ògiri, ó rọra tẹ̀ba wo ojú ìwọ̀n náà. Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta pọ́n-ùn.

"Ẹ̀yin nìkan ńkọ́? Mélòó lẹ wọ̀n?"

"Ọgọ́sàn-án," ni Titus dáhùn, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Ọgọ́sàn-án ni mo wọ̀n lọ́jọ́ tí mo dé Amẹ́ríkà, ọgọ́sàn-án náà ni mo wọ̀n di òní. Ara tèmi kì í yí padà."

Báyìí ni gbogbo wa ṣe ń wọn ẹrù: gbé e gun ìwọ̀n, yọ ara rẹ kúrò, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ẹrù. Lucy yọ ọgọ́sàn-án kúrò. Ó ku mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Àádọ́ta péré ni àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú gbà. Ó wo àpótí, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo aago ara ògiri. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ti lù. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni Kànmí, ọ̀rẹ́ Titus, máa fi ọkọ̀ wá gbé wọn lọ sí pápákọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, pọ́n-ùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ jáde nínú àpótí náà, bẹ́ẹ̀ ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹrù ẹlẹ́rù ni aṣọ tirẹ̀. Àpótí Titus ti wà ní títì láti Ọjọ́bọ̀. Ó ní ọkùnrin kì í mọ ẹrù dì, kí wọ́n kó gbogbo ẹrù àwọn ènìyàn sí ti ìyàwó òun.

Gúúsù ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ń lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Wọ́n máa háyà ọkọ̀ ní Nice, wọ́n máa rọra wà á gba etí òkun lọ sí Marseille, wọ́n á sì parí rẹ̀ sí Arles. Kò sí ìpàdé, kò sí ìgbéyàwó, kò sí òkú tí wọ́n fẹ́ sin. Họ́lídè lásán ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Titus ti fi ń gbé èrò káàkiri New York, tí àwọn ènìyàn ń fi fèrè ọkọ̀ bú u láti ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra ìwé ọkọ̀ òfurufú ló ti ra ìbọ̀wọ́ awọ kan tí kò ní orí ìka, irú èyí tí àwọn olówó fi ń wakọ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì ní Tompkinsville, àdúgbò kan nítòsí ilé wọn. Ó ki ọmọ Mẹ́síkò tó ń ta èso níbẹ̀ ní "Bọ́njúù", bí àwọn ará Faransé. Ọmọ náà fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n Titus kọ́ ló kọ́kọ́ lá àlá náà, Lucy ni. Ọdún méjìlélógún ló fi tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, tó ń gbé wọn dìde, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó wú, títí ẹ̀yìn tirẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀, tí dókítà sì ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju kẹ́tùrù lọ mọ́. Ẹni tó tọ́jú kẹ́yìn ni Mísì Susan, òyìnbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tó ń gbé ní Manhattan. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti wakọ̀ la gúúsù Faransé já nígbà èwe wọn. Bí Lucy bá ti ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀: "Rọra ni kí ẹ máa lọ, Lucy. Bí igi kan bá wù yín, ẹ dúró wò ó." Lucy ti lo ọgbọ̀n ọdún ní ìlú yìí. Bọ́ọ̀sì ń lé e, ọkọ̀ ojú omi ń lé e, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ń lé e. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí pé kó dúró wo igi. Nígbà tí Mísì Susan kú, ọmọ rẹ̀ fún Lucy ní fìlà koríko fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ní ìgbànú aró, èyí tí màmá rẹ̀ dé ní Arles.

Fìlà náà ló wà lókè pátápátá nínú àpótí pupa. Abẹ́ rẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. Ẹni tó bá ti ní òun ń rìnrìn àjò ti di ilé ìfìwéránṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn ilé wọn ní Park Hill, nínú New York. Ìkòkò ìsebẹ̀ ọlọ́mọrí wà nínú àpótí náà, fún àbúrò ẹnì kan ní Cannes. Èlùbọ́ wà níbẹ̀ tó ti Ìbàdàn wá sí Èkó, tó ti Èkó wá sí New York, tó tún fẹ́ lọ sí Marseille. Èlùbọ́ náà ti rìnrìn àjò ju bíṣọ́ọ̀bù lọ.

Láàárọ̀ yìí gan-an, kí Titus tó gun ìwọ̀n, ilẹ̀kùn tún dún. Mojeed ni, aládùúgbò wọn nísàlẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́dẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ tán kó tó gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. Bàtà ẹ̀gbọ́n mi ni, tó wà ní Marseille."

Lucy ṣí i. Bàtà yìnyín ni, dúdú, ó tóbi bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, irun àgùntàn wà nínú rẹ̀.

"Mojeed, ṣé yìnyín máa ń bọ́ ní Marseille ni?"

"Rárá o, mà. Ẹsẹ̀ wọn ló tóbi. Wọn kì í rí nọ́ńbà wọn rà níbẹ̀."

"Inú oṣù kẹfà yìí?"

"Ẹsẹ̀ wọn kì í kéré nínú oṣù kẹfà, mà."

Ó kù díẹ̀ kí Mojeed dé ìsàlẹ̀ tí Sister Joanna fi gòkè, olóyè àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó lọ sí Dubai lọ́dún tó kọjá, tí a ṣì ń gbọ́ nípa rẹ̀ títí dòní. Ó gbé kàlẹ́ńdà méjìlá wá. Ti ọgọ́ta ọdún rẹ̀ ni, àwòrán rẹ̀ ló wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Fún àwọn mọ̀lẹ́bí wa ní Nice," ó ní. "Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ síbi tí àwọn olówó ń lọ!"

"Sister Joanna, ọdún ti dé ìdajì."

"Oṣù kẹfà gan-an ni mo ti rẹwà jù. Ṣí i wò."

Lucy ṣí i wò. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Lucy gbé ojú kúrò lára aago, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, tó ti sọ àpótí kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún wọn? Ta ló lọ ń pariwo káàkiri pé a ń lọ?"

Titus ń fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni ń wá nǹkan lójú rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní.

"Mo mọ̀! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu yín ló sọ ọ́, Bàbá Pẹ̀lúmi, àpótí tèmi ni ọ̀ràn bá!"

"Má bínú."

Èyí tilẹ̀ tún bí i nínú sí i. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá ẹni tó ti tọrọ àforíjì jà? Ní ti Lucy, kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kiri. Àdúrà nìkan ló máa ń béèrè.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan. Ó yọ bàtà pẹlẹbẹ rẹ̀ méjèèjì. Ó yọ aṣọ funfun tó rà nítorí òkun. Titus gun ìwọ̀n. Kò tó. Ó yọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ó yọ ìwé tó fẹ́ kà lábẹ́ igi. Titus gun ìwọ̀n, òógùn bò ó. Pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógún ló ṣì lé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé orí fìlà Mísì Susan, tó gbé e sórí ibùsùn, omi dé ojú rẹ̀. Kí ló kù? Tí ó bá dé etí òkun Faransé, bàtà yìnyín ẹ̀gbọ́n Mojeed ni yóò wọ̀, kàlẹ́ńdà Joanna ni yóò fi bo orí.

"Ó tó," ó ní. "Ẹ kó gbogbo ẹrù wọn jáde. Ẹ pè wọ́n, kí wọ́n wá gbé e. Ọdún méjìlélógún ni mo fi gbé ẹrù ẹlẹ́rù. N kò gbé ti ẹnikẹ́ni mọ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Títí kan èlùbọ́!"

Titus kò jiyàn. Ó kó wọn sẹ́nu ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan: ìkòkò, èlùbọ́, bàtà, Joanna méjìlá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá nọ́ńbà Mojeed nínú fóònù ni ilẹ̀kùn tún dún, tí Lucy sì ké pé, "Ẹ sọ fún wọn pé a ti lọ!"

Màmá Doyin ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Àtẹ̀gùn ló gbà dé àjà karùn-ún, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé àpótí onírin tí ń gbé èèyàn gòkè fúnra rẹ̀. Ìjókòó kan náà ló máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í sì í sọ̀rọ̀. Titus dọ̀bálẹ̀. Lucy kúnlẹ̀, ó sì ń wo ọwọ́ màmá náà bóyá ọ̀rá wà níbẹ̀.

"Má wo ọwọ́ mi, Lucy. N kò gbé nǹkan kan wá." Ó jókòó, ó mí. "Doyin, ọmọ mi, Toulouse ló ń gbé. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti rí i kẹ́yìn. Ìwé mi kò tíì jáde. Bí mo bá jáde ní ìlú yìí, n kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́."

"Ọlọ́run á ṣe é, mà."

"Àmín. À ń rí ara wa nínú fóònù lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n fóònù yẹn, irọ́ ló ń pa. Iwájú orí rẹ̀ ló ń fi hàn mí, àti irùngbọ̀n díẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé, n kò rí i kó dìde rí. Mo ní, 'Doyin, dìde, kí n rí bí o ṣe ga tó.' Á ní, 'Màmá, ó rẹ̀ mí.' Mo ní, 'Lọ bu omi mu.' Á ní òùngbẹ ò gbẹ òun."

Màmá náà tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ọjọ́ tí o dìde ní ìpàdé àwọn ìyá, lẹ́yìn Àjíǹde, tí o ní ká fi àdúrà sìn yín, tí o ń dárúkọ àwọn ìlú yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí o ṣe dé orí Toulouse ni mo di àga mú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro bí n ṣe máa sọ ọ́. Ẹ má gbé nǹkan kan fún un. Ẹ kàn ní kó dìde. Kó rìn dé ojú fèrèsé, kó padà. Kí o wò ó dáadáa, Lucy, bí o ṣe mọ ènìyàn wò. Bó ti wù kó rí, kí o wá sọ fún mi."

Lucy rántí. Joanna ti fi ìdajì wákàtí ròyìn Dubai fún wọn lọ́jọ́ náà. Òun náà wá dìde, ó béèrè àdúrà, ó dárúkọ Nice, ó dárúkọ Cannes, ó dárúkọ Marseille àti Arles, kò sì sí ohun tó yí lójú Joanna. Ìgbà náà ni Toulouse bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Toulouse kò sí lójú ọ̀nà wọn. Ó kàn dùn lẹ́nu ni.

Ó lè sọ ọ́ nísinsìnyí. Gbólóhùn kan péré ni. Ó la ẹnu rẹ̀.

"A máa dé ibẹ̀, mà," ó ní.

Titus fúnra rẹ̀ ló sin màmá náà dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó padà dé, Lucy ṣì wà níbi tó fi í sí.

"Ẹ ti mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́," ni Lucy wí.

"Joanna ló béèrè lọ́wọ́ mi, ọjọ́ kejì ìpàdé yín, pé irú hótẹ́ẹ̀lì wo la máa sùn ní Toulouse. Mo ní olówó ńlá ni."

"Ẹ wá jókòó, ẹ ń jẹ́ kí n máa bú yín láti àárọ̀?"

"Kì í ṣe bíi pé ọwọ́ tèmi náà mọ́. Mo ti sọ fún Kànmí pé ọkọ̀ tí kò ní òrùlé la háyà." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sórí ibùsùn. "Toulouse sí Arles, wákàtí mélòó ni?"

"Mẹ́ta ààbọ̀. Bóyá mẹ́rin."

Titus bọ́ bàtà, ó lọ sí bálùwẹ̀, ó sì gun orí ìwọ̀n náà. Kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́.

"Wá bá mi wò ó," ó ní. "Ikùn yìí ò jẹ́ kí n rí i. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí n kò ti rí i."

Lucy fi ọwọ́ ti ògiri, ó tẹ̀ba. Igba ó lé mẹ́fà. Ó kà á fún un. Titus mi orí, bí ẹni tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀ ní ilé ẹjọ́. Lucy ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe. Àádọ́ta géérégé. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ni àpótí náà ti pé.

Wọ́n kó wọn padà sínú àpótí. Èlùbọ́, ìkòkò, Joanna tí oṣù kẹfà rẹ̀ kọjú sókè. Lucy fi bàtà pẹlẹbẹ rẹ̀ sínú bàtà ẹ̀gbọ́n Mojeed, wọ́n sì wọ ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Fìlà ló kẹ́yìn.

Ìwé tí wọ́n kọ àwọn ìlú sí wà lórí ibùsùn. Ó mú bírò, ó kọ Toulouse sí abẹ́ Arles. Ó ń wò ó. Ènìyàn méjì lára ìjọ ló lọ sí Faransé lọ́dún tó kọjá, màmá náà kò sì bẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí o ṣe mọ ènìyàn wò, ni màmá náà wí. Bí Doyin bá ti fi ọwọ́ ti apá àga báyìí, kó tó dìde rárá, Lucy máa ti mọ ohun tó ń ṣe é. Kò sí bí kò ṣe ní í mọ̀.

Fèrè ọkọ̀ Kànmí dún nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni tí ilé ń jó. Titus sáré gbé àpótí pupa. Lucy kò dìde. Ó ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún Doyin lábẹ́ ètè, ní ohùn tó fi ń jí Mísì Susan láràárọ̀.

"Rọra dìde," ó ń wí. "Rọra."