Okun Tí Mo Pè Ní Sannu

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi, lójú ọ̀nà oko: "Má bẹ̀rù màlúù, Fúlàní tó ń dà á ni kí o sá fún." Mo sá. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo ṣì ń sá...

Ó sì ti rẹ̀ mí.

Kí ni ọkùnrin tó jí iṣu mi yẹn wí gan-an? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí nínú kùrukùru àárọ̀. Ó gbé àpò, ó ń ti oko iṣu mi jáde. Ó kí mi, kò wẹ̀yìn. Sannu. Ohun tí mo sọ lójú àwọn àgbà àdúgbò nìyẹn: "Sannu ló wí, bí àwọn Haúsá àti Fúlàní ṣe ń kíni." Wọn ò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Fúlàní kan ṣoṣo ló ń gbé ẹ̀bá oko wa, Sanda. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé. Èmi tí mo forí kunkun kọ́ ìwé fúnra mi lẹ́yìn tí mo pé ọgọ́ta ọdún — mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀.

N kò purọ́. N kò...

Fẹ́rànmí ọmọ mi gbé oúnjẹ wá lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, kò lọ. "Baba, ṣé Sanda kí yín ní sannu rí?" Mo ní kó gbé abọ́ lọ.

Ọdún mọ́kànlá ni Sanda fi ń kí mi bí àwa Owé Kàbà ṣe ń kíra wa. "Okun, Baba," bí mo bá ń ti oko bọ̀. "Okun, Baba," nígbà tí ìyá Fẹ́rànmí kú. Ó bọ́ fìlà lẹ́nu ọ̀nà. Ernest aládùúgbò mi a máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Sanda, o ti di Owé tán, ó ku kí o joyè." Wọn a rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Lójú mi, ó dà bíi pé aṣọ wa ló jí wọ̀.

Bó bá jẹ́ òun ni, okun ni ì bá wí. Bó bá sì jẹ́ ọmọ wa ni... okun náà ni.

Kùrukùru. Àpò. Ohùn yẹn. Ó ní —

Okun. Okun ló wí. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ta ni kì í wí i ní Kàbà? Ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́ kó jẹ́. Kí n tó délé, mo ti wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu.

Ọjọ́ méjì ni àwọn àgbà fún Sanda láti kó kúrò. Ó ti lọ. Òun, aya kan, ọmọ mẹ́ta, èyí tó kéré jù ṣì ń mu ọmú. Màlúù méjìdínlógún. Ahéré koríko méjì, wọ́n dáná sun méjèèjì. Tèmi tó sọnù, iṣu mẹ́rìnlá.