Ààwẹ̀ Ìdí Ààrò

“Rábì, bá mi gbé asẹ́ kejì wá.”

Sewanu gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Rábì nídìí ààrò náà. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Mọ̀dínátù, nìkan ló wà lábẹ́ páànù tí wọ́n ti ń yan ẹja. Rábì tí Màmá ń pè yìí, àbúrò wọn ni, ó sì ti pẹ́ tó ti kú.

“Màmá, èmi Sewanu ni o.”

“Mo mọ̀. Ṣé mo ní o kì í ṣe Sewanu ni?” Màmá dá a lóhùn, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn ẹja ṣáwá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí tán.

Sewanu tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn.

Ká sọ tòótọ́, ooru ọdún yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi abẹ̀bẹ̀ lé. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ, òjò kò kán sílẹ̀ ní Iworo. Atẹ́gùn tó máa ń fẹ́ wá láti òkun lọ́sàn-án ti dákẹ́ bí ẹni tó ń bínú. Inú yàrá kò ṣe é sùn, ìta ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí. Ojoojúmọ́ ni rédíò ń pariwo pé kí tọmọdé tàgbà sá fún oòrùn ọ̀sán, kí wọ́n sì máa mu omi dáadáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín ooru náà gan-an ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí. Ta ló tó bẹ́ẹ̀, tí yóò sọ fún Màmá Mọ̀dínátù pé kí wọ́n mu omi?

Kì í ṣe Sewanu. Ọmọ Ẹ̀gùn ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìfẹ́ Mukhtar ló gbé e wọ ilé mùsùlùmí. Láti ọjọ́ tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti kìlọ̀ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní dá sí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó kàn bẹ Màmá pé kí wọ́n fi iná ààrò sílẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀.

“Ẹja wo ló máa dúró de oòrùn?” Màmá ti bi í. “Ọ̀sán ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀. Bí a ò bá yan án lójú ẹsẹ̀, eṣinṣin ló máa fi í ṣínu.”

Ààfáà pàápàá ti wàásù pé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbé e lè jẹun, kó san án padà tó bá yá. Màmá ní ara àwọn gbé e, pé ooru kì í ṣe àìsàn.

Sewanu súnmọ́ wọn, ó fọwọ́ kan apá wọn. Lánàá, òógùn bo Màmá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò. Lónìí, awọ ara wọn gbẹ táútáú, ó sì gbóná bí ìkòkò orí iná.

“Màmá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sábẹ́ igi.”

“Fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹja yìí...”

Wọ́n fẹ́ dìde láti bá a jà, ni ẹsẹ̀ wọn bá yẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú lu ààrò, Sewanu ló gbá wọn mú.

“Jiwheyẹwhe!” Ó fi èdè Ẹ̀gùn pe Ọlọ́run. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá Màmá, ó wọ́ wọn jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó tú hìjáàbù tó wúwo náà kúrò lọ́rùn wọn, ó sì ń pariwo pe Safiyat, aládùúgbò wọn.

“Safiyat! Fa omi kànga wá! Yára!”

Safiyat gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dé, ó wo Màmá nílẹ̀, ó dúró gbagidi.

“Sewanu, má da omi sí wọn lára o! Bó bá kán sí wọn lẹ́nu ńkọ́? Wọ́n ń gbààwẹ̀!”

“Ìwọ tó ń gbààwẹ̀, ṣé o kì í wẹ̀ ni?”

“Mò ń wẹ̀.”

“Ó dáa, dà á.”

Wọ́n dà á. Wọ́n dà á sí wọn lórí, sí ọrùn, sí abíyá, títí ilẹ̀ abẹ́ igi fi di ẹrẹ̀. Sewanu rẹ ìró ara rẹ̀ sómi, ó fi bo Màmá, ó sì ń fi páálí fẹ́ wọn láìdákẹ́. Safiyat sáré lọ sí títì, ó sì mú kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan wá sẹ́nu ọ̀nà. Sewanu fi ọwọ́ kan tẹ fóònù pe Mukhtar tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mowo.

“Mò ń bọ̀,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Sewanu, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n fi agídí bò ọ́ mọ́lẹ̀.”

Òórùn ẹja tó ń jó gba gbogbo àgbàlá. Sewanu kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Nígbà tó yá, Màmá la ojú. Wọ́n wò yí ká, wọ́n wo ẹni tó ń fẹ́ wọn.

“Sewanu,” ni wọ́n wí. “Ẹja ń jó.”

Omi bọ́ lójú Sewanu. Wọn ò pè é ní Rábì mọ́. “Ẹ jẹ́ kó jó, Màmá. Ó yá, ẹ mu omi díẹ̀ ká tó máa lọ sí ọsibítù.”

Màmá pa ẹnu dé, wọ́n yí ojú kúrò lára kọ́ọ̀bù omi tí Sewanu nà sí wọn. “Oòrùn ò tíì wọ̀.”

“Oòrùn yìí á pa yín kó tó wọ̀!”

Safiyat fà á lápá. “Rọra o. Kírísítẹ́nì ni ẹ́. Lọ́la, wọn á ní ìwọ lo ba ààwẹ̀ ìyá ọkọ rẹ jẹ́.”

“Kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Kí Màmá ṣáà wà láyé, kí wọ́n gbọ́ ọ.” Kò gbé kọ́ọ̀bù náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá lára. Wọ́n mí kanlẹ̀.

“O ò lè mọ̀,” ni wọ́n rọra wí. “Lọ́dún tó kọjá tí mo ṣàìsàn, tí mo wá ń san ààwẹ̀ mi nígbà òjò, èmi nìkan ni. Kò sẹ́ni tó jí mi fún sàárì. Gbogbo ilé ń jẹ, wọ́n ń mu. Ìwọ gan-an, wàá jókòó síwájú mi lọ́sàn-án, wàá máa fi àgbọn mu gàrí. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń ró lẹ́nu rẹ.”

Ojú ti Sewanu débi pé ó wolẹ̀. “Màmá, ẹ ò sọ fún mi.”

“Kí n sọ kí ni? Kí n ní kí ọmọ ọlọ́mọ má jẹun tìtorí èmi àti Ọlọ́run mi? Mo ṣáà búra pé mi ò ní dá a gbà mọ́ láyé mi.”

Sewanu kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà.

“Ẹ mu omi yìí, Màmá. Iye ọjọ́ yòówù kí ooru yìí gbà lọ́wọ́ yín, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa san án. Èmi ni màá máa jí yín fún sàárì. Gàrí ò ní kan ẹnu mi títí oòrùn á fi wọ̀.”

“Ìwọ?” Safiyat kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Sewanu onígàrí?”

Màmá tẹjú mọ́ ọn. “O kì í ṣe mùsùlùmí.”

“Mi ò ní mo fẹ́ di mùsùlùmí. Mo ní ẹ ò ní dá a ṣe.”

“Fi Ọlọ́run búra.”

“Mo fi Jiwheyẹwhe búra.”

“Ọ̀kan náà ni,” ni Màmá wí, wọ́n sì la ẹnu.

Ọsibítù ni wọ́n sùn. Nọ́ọ̀sì fa omi sí wọn lára, ó sì sọ lójú Mukhtar pé bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i nídìí iná yẹn, ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀. Láti ọjọ́ náà, yìnyín ni Sewanu ń kó ẹja ọ̀sán sí, wọn kì í sì í dáná ààrò àyàfi tí ilẹ̀ bá ti tutù. Màmá ráhùn pé yìnyín kì í jẹ́ kí ẹja dùn. Sewanu ṣáà ń ra yìnyín lọ.

Òjò wá dé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ààwẹ̀ náà, ọ̀sán ò tíì pọ́n tí ikùn Sewanu ti ń ké. Agolo gàrí wà lórí pẹpẹ, ó ń wò ó, ó sì ń mójú kúrò.

“Ṣé o ṣì wà láàyè?” Màmá bi í láti orí ẹní.

“Màmá, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Itọ́ ti tán lẹ́nu mi.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́, Mukhtar gbé omi àti dàbínù wá. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti ṣínu, Màmá dìde, wọ́n mú àgbọn kan nílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn àdá fọ́ ọ. Wọ́n po gàrí fúnra wọn, wọ́n gbé abọ́ náà síwájú ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n sì fi èyí tó tóbi jù nínú àgbọn náà lé e lọ́wọ́.

“Ó yá,” ni wọ́n wí. “Jẹ ẹ́ dáadáa, kí n gbọ́ ọ.”