Máàkì Tí Ẹ̀jẹ̀ Mi Gbà

Ní ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Afọláyan bá mi gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi bọ̀ láti Adó. Kí ó tó dé Ìkẹ́rẹ́, ó ti fi báírò pupa yí nọ́ńbà inú rẹ̀ po. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Kò sí ìwé tó lè bọ́ sí i lọ́wọ́ kí ó má fún un ní máàkì.

Oṣù mẹ́tàlá ṣáájú ni wọ́n rí àrùn ẹ̀dọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, nígbà tí mo fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó Afọláyan tó ń rọbí. Obìnrin náà bí láyọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Afọláyan fi ọ̀dà pupa kun etí abọ́ kan, ó ní tèmi nìyẹn. Dókítà ti sọ fún un pé àrùn náà kì í ti inú abọ́ ranni. Inú abọ́ yẹn ni mo ti ń jẹun láti ọjọ́ náà.

Dókítà ní mímọ̀ pé àrùn wà lára kò tíì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Bí ó bá ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ohun kan wà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni wọ́n ń wọ̀n ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń sinmi. Tèmi àkọ́kọ́ jẹ́ ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́fà, ìkejì jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ìkẹta ni Afọláyan gbà bọ̀.

Ní Sátidé, ẹbí pàdé láti pín oko bàbá wa ní Igbárá-Odò. Afọláyan ní kòkó ń pẹ́ kí ó tó so, kí wọ́n má fi ilẹ̀ ṣòfò lórí ẹni tó ń lọ. Ó gbé ìwé mi sókè.

“Méjìlélọ́gbọ̀n. Láti ọgọ́sàn-án ni ó ti ń já bọ̀. Ogójì ni ẹni tó yege ń gbà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti féèlì.”

Àbúrò bàbá wa, Àdùnní, bú sẹ́kún. Wálé, ọmọ rẹ̀, bi mí pé ta ni mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀ fún.

Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ kọ́ mi láti ka ìlà dé òpin.

“Bùrọ̀dá, ẹ ka èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún wa.”

Ó wò ó títí. “Kí ó má ju ogójì lọ.”

Ọ̀ṣuntókun, olórí ẹbí, gbé áásà kalẹ̀. “Kí ó má jù ni àbí kí ó má dín?”

“Kí ó má jù.”

“Ta ni ó wá féèlì nínú ulé yìí, tíṣà?”

Afọláyan ní òun kò mú gíláàsì òun wá ni. Gíláàsì náà wà lójú rẹ̀.

Wọ́n fún mi ní ilẹ̀ mi. Dókítà kò búra fún mi pé àrùn náà ti lọ; ó ní kí n máa wá fún àyẹ̀wò, mo sì ń lọ.

Ní ọdún tí kòkó mi kọ́kọ́ so, Afọláyan wá wò ó, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka. Mo gún iyán fún un, mo sì bu ọbẹ̀ rẹ̀ sínú abọ́ ọlọ́dà pupa. Ó lá a mọ́ tónítóní. Ó yí i wò, ó ní abọ́ náà dára, ó bi mí níbi tí mo ti rà á.