Àyà Tó Ń Já

3.
…ni wọ́n bá ní kí ìyá mi má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́.

4.
ILÉ ÌWÒSÀN, TREICHVILLE, ÀBÍJÀN. 18 novembre 2008.
Orúkọ: Sùwéébátù. Ọdún méjìdínláàádọ́rin.
Àròyé: àyà ń gé e. Ọkàn la fura sí.
Wíwọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mẹ́kà: NON (rárá).

5.
Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ìyá mi gbéra lọ sí Mẹ́kà. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi retí ìrìn-àjò náà.

7.
Bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ, láti ẹnu Nàfísà ọmọ mi. (Àbíjàn la bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.)

DÓKÍTÀ, ní Faransé: Kí ló ń ṣe wọ́n?
ÌYÁ: Àyà mi ń já.
NÀFÍSÀ: Docteur, sa poitrine se coupe.

Àyà, poitrine. Já, couper, ìyẹn gé. Kò sí èyí tó purọ́ nínú méjèèjì.

8.
Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò sọ ohun tó ń ṣe é nígbà tí a bá ń gbé e láti inú èdè kan bọ́ sínú òmíràn.

9.
Dèbórà, ará ilé wa, ń kọ́ ìmọ̀ èdè ní yunifásítì: bí wọ́n ṣe ń lò ó ní kóòtù, ní kíláàsì, lọ́dọ̀ dókítà. Mo máa ń bi í pé, «Èdè yìí, eélòó ni kílò kan ní ọjà Siporex?»
«Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá Ìsmáílà.»
Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ NON yẹn, èmi náà ni mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

10.
DÈBÓRÀ, lórí ìkúnlẹ̀: Ìyá, ṣé àyà ń dùn yín ni, àbí ó ń já?
ÌYÁ: Ta ló ní ó ń dùn mí? Jíjá ló ń já!
DÈBÓRÀ: Docteur, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.
DÓKÍTÀ: Ẹ̀rù?
ÌYÁ: Ẹ bá mi bi í, ta ló jẹ dòdò àlókò mi?

11.
19 novembre. Ẹ̀rọ ti wo ọkàn. Ó dá ṣáká.
Wíwọ ọkọ̀ òfuurufú: OUI (bẹ́ẹ̀ ni).

12.
Mo lọ kó ẹrù ìyá mi sínú báàgì.

13.
ÀKÍYÈSÍ FÚN ÀWỌN NỌ́Ọ̀SÌ (Dèbórà ló kọ ọ́, dókítà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri)
àyà mi ń já = ẹ̀rù
inú mi bàjẹ́ = ìbànújẹ́. Kì í ṣe ikùn.
orí mi wú = ìwúrí. Ẹ má fún un lóògùn.

14.
Dókítà wá ní kí Nàfísà bi ìyá mi pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an.
Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, báàgì wọn lọ́wọ́ mi. Mo rí Nàfísà tó tẹ etí sí ìyá mi lẹ́nu. Ó pẹ́ níbẹ̀.

DÓKÍTÀ: Kí ni wọ́n wí?
NÀFÍSÀ: Mo gbọ́ ọ, Docteur. Mi ò ní túmọ̀ rẹ̀, kó má baà fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.