Láti Ibi Tí Igi Ọ̀pọ̀tọ́ Wà Rí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Yorleny Quirós gba ìwé pé kò sí ilé tí òun ń gbé, inú ilé náà gan-an ni ó jókòó sí, tí ó ń mu kọfí. Ó ka ìwé náà tán lójú fóònù rẹ̀, ó wo ògiri, ó wo àjà, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ènìyàn kì í mọ̀. Ilẹ̀ náà le. Àjà sì ń jò bí ó ti máa ń jò ní gbogbo oṣù Kẹwàá láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Bí kò bá sí ilé níbẹ̀ lóòótọ́, a jẹ́ pé òjò ìlú San Ramón mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, tí ó fi ń rí ihò òrùlé tí kò sí gbà wọlé.

Àwọn oníbodè Ìsọ̀ Ńlá ni ó fi ìwé náà ránṣẹ́. Ìsọ̀ Ńlá ni gbogbo fóònù ti ń gba áàpù: ọjà kan ṣoṣo ni, odi yí i ká, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó bá ṣe áàpù tí kò sì gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá, kí ó máa fi iṣẹ́ rẹ̀ han adìyẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Onínúure ènìyàn ni àwọn oníbodè náà, wọn kò sì fi í pa mọ́. Báyìí ni ìwé wọn ṣe bẹ̀rẹ̀: “Ìwọ Yorleny, a fẹ́ràn àwọn tí ń ṣe áàpù tọkàntọkàn. Nítorí náà ni a ṣe ti àkáǹtì rẹ pa títí ayé.”

Ìwọ! Yorleny ti lé ní ogójì ọdún. Ní San Ramón, ‘ẹ̀yin’ ni a fi ń bá ajá aládùúgbò sọ̀rọ̀, àfi bí ó bá ti gbé ẹran lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó fi àdírẹ́sì èké sílẹ̀. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni èyí tí ó wà lórí ìwé ìbí rẹ̀, tí ó wà lórí ìwé owó iná, tí àlùfáà sì ń kà bí ó bá fẹ́ wá gbàdúrà sí ilé wọn: “San Ramón, àdúgbò Los Jocotes. Láti ibi tí igi ọ̀pọ̀tọ́ wà rí, ọgọ́rùn-ún mítà sí gúúsù, àádọ́ta sí ìwọ̀-oòrùn, ilé aláwọ̀ aró.” Òótọ́ ni pé igi ọ̀pọ̀tọ́ náà ti wó kí a tó bí Yorleny. Òótọ́ ni pé ilé náà ti di aláwọ̀ òféèfèé láti ìgbà tí ọ̀dà aró ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn dí lọ́wọ́? Kò sí ọmọ San Ramón kan tí kò mọ̀ pé ‘ọgọ́rùn-ún mítà’ kì í ṣe ọgọ́rùn-ún mítà. Láti igun òpópónà kan dé ìkejì ni, ìbáà gùn, ìbáà kúrú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi okùn wọn ọ̀nà, kí ó lọ ra ilẹ̀.

Ẹ̀rọ àwọn oníbodè kò mọ ìyẹn. Ó rí orúkọ igi ọ̀pọ̀tọ́ lára ibùdó bọ́ọ̀sì, ó gba ibẹ̀ wọn ọgọ́rùn-ún mítà pípé, ó yà sí ìwọ̀-oòrùn, ó fo odi, ó sì balẹ̀ sí àárín itẹ́ òkú ìlú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tí ń ṣe áàpù. Ó ti ilẹ̀kùn pa.

Ohun tí ó wá mú ọ̀rọ̀ náà dùn bí iyọ̀ lójú egbò ni irú áàpù tí Yorleny ṣe. Ibi Tí Ó Wà Rí ni ó pè é. Ìwọ yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé “lódìkejì sinimá àtijọ́”, tàbí “níbi tí màlúù Doña Nidia máa ń dùbúlẹ̀ sí”, áàpù náà yóò sì mú ọ dé ẹnu ilẹ̀kùn, bí sinimá náà tilẹ̀ ti di ilé ìtajà bàtà, tí màlúù náà sì ti di ọbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó ni ó ti kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìyá rẹ̀ sì ni olórí wọn. Àwọn awakọ̀ Àgbélébùú Pupa, tí wọ́n ń gbé aláìsàn, kò jẹ́ tan ọkọ̀ láìsí i. Ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, wọn kò mọ sinimá àtijọ́ rí. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn oníbodè ṣí áàpù tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ wò lẹ́ẹ̀kan péré, ìbá mú wọn dé ẹsẹ̀ àga tí Yorleny jókòó sí. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí ó bá ń gbọ́ ẹjọ́ kí ó tó dá a, ìgbà wo ni yóò jẹun?

Aago sì ń sáré. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, gbogbo fóònù ni yóò gba àtúnṣe tuntun, áàpù ti àtijọ́ kò sì ní ṣí mọ́. Yorleny ti ṣe èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ tán. Ọ̀nà tí yóò fi gbé e jáde ni kò sí, nítorí pé òkú kì í ní àkáǹtì.

Ìyá rẹ̀, tí ará àdúgbò ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Doña Elieth, jáde láti ilé ìdáná. “Kí ló dé tí ojú ẹ fi rí báyẹn? Ta ló kú?”

“Èmi ni, Màmá. Wọ́n ní itẹ́ òkú ni mò ń gbé.”

“Pẹ̀lú bó o ṣe ń sùn tóòrùn fi ń yọ, wọn ò kúkú jẹ̀bi púpọ̀.” Ó gba fóònù náà, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó kà á. “Wọ́n ń pè ẹ́ ní ‘ìwọ’. Ṣé wọ́n bá ẹ jẹun rí ni?”

Yorleny kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ó kọ ọ́ ní ojú ewé mẹ́rin, ó ṣàlàyé igi, ó ṣàlàyé igun òpópónà, ó tilẹ̀ ya àwòrán. Kí ó tó gbé ife kọfí rẹ̀ kan ẹnu ni ìdáhùn ti dé láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan tí ń jẹ́ Brayan. Àgbàyanu akàwé ni Brayan yìí: ó ti ka gbogbo rẹ̀, ó ti rò ó jinlẹ̀, àánú sì ti ṣe é. Ó béèrè orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé.

Yorleny fèsì pé òpópónà àwọn kò ní orúkọ, ilé kò sì ní nọ́ńbà. Brayan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún sùúrù rẹ̀, ó sì béèrè orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé.

Ó fi ìwé owó iná ránṣẹ́. Brayan rí i pé láti ibi igi ọ̀pọ̀tọ́ ni ilé-iṣẹ́ iná náà ń ka mítà tirẹ̀, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jẹ́ kí ó mọ̀ pé àdírẹ́sì èké ni ilé-iṣẹ́ iná ń lò. Ìdájọ́ ìkẹyìn wá dé: kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́, kí Yorleny má sì fọwọ́ kan àkáǹtì mìíràn títí ayé. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n béèrè pé ìràwọ̀ mélòó ni yóò fún ìrànlọ́wọ́ Brayan nínú márùn-ún.

Wilberth akólẹ́tà ni ó bá a níbi tí ó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń wo òjò. “Àǹtí Yorle, ẹ gba ìwé yín.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Wilberth, ilé wo lẹ̀ ń gbé lẹ́tà wá yìí?”

“Ilé aláwọ̀ aró.”

“Ṣé aláwọ̀ aró ni?”

Wilberth wo ògiri aláwọ̀ òféèfèé náà bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. “Lójú tèmi ńkọ́? Aró ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?” Nígbà tí ó gbọ́ ọ tán, ó bú sẹ́rìn-ín débi pé lẹ́tà méjì bọ́ sínú omi. “Kí wọ́n kúkú gbé èmi náà kúrò níṣẹ́! Látìgbà tí irun ti wà lórí mi ni mo ti ń pín lẹ́tà fún àwọn tí kò sí láyé.”

Kò pẹ́ tí ọjọ́ àwọn òkú, tí ìlú fi ń ṣe ìrántí wọn lọ́dọọdún, sún mọ́lé, tí gbogbo ènìyàn sì ń kun ibojì àwọn tiwọn ní funfun. Yorleny àti ìyá rẹ̀ gbé ọ̀dà lọ sí ibojì bàbá rẹ̀. Doña Elieth jókòó lórí ibojì aládùúgbò, ó di ife omi ìrèké gbígbóná mú, ó sì ń ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù, èyíinì ni pé ó ń wo ẹni tí ń ṣiṣẹ́.

“O ti fo ẹ̀gbẹ́ yẹn. Bàbá ẹ ò fẹ́ràn ìmẹ́lẹ́.”

“Nọ́ńbà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kùn, Màmá. Ó ti ń pa rẹ́.”

“Nọ́ńbà kí ni?”

“Nọ́ńbà ibojì. Òpópónà Áńgẹ́lì, nọ́ńbà kẹtàdínlógún.”

Ìyá rẹ̀ gbé ife sílẹ̀. “Tún un sọ.”

“Òpópónà Áńgẹ́lì...” Ó yé Yorleny náà wàyí. Ọ̀dà ń kán láti ara búrọ́ṣì sí bàtà rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ San Ramón ti ń ṣèlérí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé àwọn yóò fún òpópónà lórúkọ, àwọn yóò sì fún ilé ní nọ́ńbà. Itẹ́ òkú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sì parí sí. Ní gbogbo ìlú, òkú nìkan ni ó ní àdírẹ́sì.

“Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀ ibí yìí?” ni Doña Elieth béèrè.

“Orúkọ yín ni. Ẹ̀yin lẹ rà á fún ara yín àti Bàbá.”

“Ilé mi nìyẹn. Fún mi ní fóònù, kí n ṣí àkáǹtì.”

“Màmá, irọ́ nìyẹn máa jẹ́ o.”

“Irọ́ kẹ̀? Ẹni tó kọ́lé síbì kan tí kò tíì kó lọ, ṣé òpùrọ́ ni? Àdírẹ́sì mi ni mo fi sílẹ̀ ṣáájú. Ìwọ tó sọ òótọ́, ibo ló gbé ẹ dé?”

Yorleny tún ki búrọ́ṣì bọ ọ̀dà. Kì í ṣe irọ́ nìkan ni ó ń dùn ún. Láti ìgbà tí áàpù náà ti wà, orúkọ rẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: Yorleny Quirós Umaña ni ó ṣe é. Òun ni ó ń lọ láti ilé dé ilé, tí ó ń bá àwọn arúgbó jẹ búrẹ́dì líle kí wọ́n tó rántí ibi tí kànga wà. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣí àkáǹtì, áàpù yóò yè, ẹni tí ó ṣe é yóò sì kú pátápátá.

“Orúkọ mi ò ní sí níbẹ̀ mọ́,” ni ó wí.

Ohùn ìyá rẹ̀ rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Igi ọ̀pọ̀tọ́ náà ò sí níbẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Ta ni kò mọ ibi tó wà?” Lẹ́yìn náà ni ó rántí ara rẹ̀. “Kun ẹ̀gbẹ́ yẹn, jọ̀ọ́.”

Ọwọ́ Doña Elieth fúnra rẹ̀ ni ó tẹ gbogbo rẹ̀, ìka kan ṣoṣo, bí ẹni tí ń pa èèrà. Ó yí orúkọ áàpù náà padà sí Màmá Ní Kí Ẹ Yà, kí àwọn oníbodè má baà rántí. Kò sí ewu; ẹni tí kò ka nǹkan, kí ni yóò rántí? Brayan dáhùn lójú ẹsẹ̀: “Ìwọ Elieth, àdírẹ́sì rẹ dára púpọ̀! Ìbá dára bí gbogbo ènìyàn bá lè kọ tiwọn báyìí.” Ó ní òun yóò fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀ nínú lẹ́tà.

Ọjọ́ àwọn òkú gan-an ni lẹ́tà náà dé. Gbogbo ìlú wà ní itẹ́ òkú pẹ̀lú òdòdó, Wilberth sì ń bọ̀ láàárín ibojì, ó ń ka nọ́ńbà sókè ketekete, nítorí pé ó ń ṣe é ní kàyéfì láti rí nọ́ńbà.

“Kẹẹ̀ẹ́dógún... kẹrìndínlógún... Ẹ̀yin ará ilé kẹtàdínlógún! Ṣé Doña Elieth Umaña wà nílé?”

“Wọlé, ilẹ̀kùn ò tì,” ni Doña Elieth dáhùn láti orí ibojì. “Má jẹ́ kí bàbá ọmọ mi jí o.”

Àwọn tí ó wà nítòsí kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí àyà, lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín títí òdòdó fi ń já lọ́wọ́ wọn. Yorleny náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí oṣù Kejìlá yóò fi wọlé, áàpù tuntun ti wà lórí fóònù gbogbo àwọn awakọ̀ Àgbélébùú Pupa. Wilberth ni ó ń sọ orúkọ rẹ̀ tuntun fún àwọn ará ìlú láti ilé dé ilé, bí ó bá ń pín ìwé owó iná. Nísàlẹ̀ áàpù náà ni a kọ ọ́ sí pé Elieth Umaña, Òpópónà Áńgẹ́lì, nọ́ńbà kẹtàdínlógún, ni ó ṣe é. Yorleny kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí àtúnṣe bá wà láti ṣe, yóò dúró sí ẹ̀yìn àga, yóò máa sọ ọ́, ìyá rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan, yóò máa bá a jiyàn bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ń bá ọmọ iṣẹ́ jiyàn.

Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, Yorleny tẹ̀ síwájú láti ẹ̀yìn àga. “Màmá, bẹ́ẹ bá wá lọ ńkọ́? Àkáǹtì náà á tún kú nìyẹn.”

“Ta ló máa sọ fún wọn?” Doña Elieth kò gbé ojú kúrò lára fóònù. “Bí mo bá kú, má dá Brayan lóró. Àdírẹ́sì mi ò kúkú ní yí padà.”