Ṣọ́bìrì Trembath

Ilé oúnjẹ mi náà ni ilé ẹjọ́ ní Possum Bar, àgọ́ àwa awa-wúrà. Bí adájọ́ bá ti gòkè dé, a ó palẹ̀ abọ́ mọ́, a ó nu ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ẹjọ́ yá. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ṣojú mi kòró.

Lọ́yà Leander Prewitt kò láya, kò lọ́mọ, kò sì sẹ́ni tó ń kí i àfi ẹni tí ẹjọ́ bá dé bá. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń bá a jẹun: Jory Trembath, ọmọ Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń fọ wúrà ní odò kékeré ẹ̀yìn òkè. Lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn méjèèjì á jókòó sídìí fèrèsé mi, wọ́n á máa bú ara wọn títí ẹ̀wà á fi tutù.

"Lọ́yà, irọ́ tọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́? Ó tó mélòó?"

"Kò tó iyanrìn inú irùngbọ̀n rẹ. Lọ wẹ̀ jàre!"

Nígbà tó yá, ibà dá lọ́yà dùbúlẹ̀, èyí tó ń mú èèyàn máa pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Trembath fi ṣọ́bìrì rẹ̀ gúnlẹ̀ létí odò, ó wá jókòó tì í. Lọ́dọ̀ wa, ṣọ́bìrì tí èèyàn bá fi sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ ń sọ pé: mo ń bọ̀, ẹ má fọwọ́ kan ibí. Olè pàápàá ń bọ̀wọ̀ fún un. Èmi ni mo ń gbé ọbẹ̀ lọ, Trembath ló ń fi ṣíbí bù ú sí lọ́yà lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́.

Ilé-iṣẹ́ omi, àwọn tó ń fa omi odò lọ síbi ìwa-wúrà ńlá tiwọn, ni kò bọ̀wọ̀ fún ṣọ́bìrì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò omi yí òkè po. Bí wọ́n ṣe rí i pé kò sẹ́nìkan létí odò, wọ́n já kòtò náà wọ inú odò, wọ́n darí omi rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tiwọn. Trembath padà bá òkúta gbígbẹ, wúrà kò sì ṣeé fọ̀ láìsí omi. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Prewitt, tí ara rẹ̀ ti yá, sì ni lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà.

"Ìyá Dorcas," ó sọ fún mi, "ẹjọ́ lọ́tọ̀, ọ̀rẹ́ lọ́tọ̀. Nílùú wa, lọ́yà méjì á jà tán ní kọ́ọ̀tù, wọ́n á sì jọ jẹun alẹ́."

"Ṣé Trembath wá ń ṣe lọ́yà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe.

Òfin wa ni pé ẹni tó kọ́kọ́ lo omi ló ni ín. Bó bá sì fi í sílẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ ẹjọ́, Prewitt dìde.

"Olúwa mi, ṣọ́bìrì lè di ilẹ̀ mú, kò lè di omi mú. Ohun tí a kò lò, a ti fi sílẹ̀." Ó yíjú sí Trembath. "Ọ̀gbẹ́ni, níbo lẹ wà nígbà náà?"

"Mo wà lọ́dọ̀ aláìsàn kan."

"Ta ni aláìsàn náà?"

Trembath wò ó títí. "Ìwọ ni kí o sọ fún wọn, Leander."

Gbogbo ilé yíjú sí lọ́yà. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu rẹ̀, pé Trembath kò fi omi sílẹ̀, òun ló ń tọ́jú, omi Trembath ì bá padà. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ṣíbí ọbẹ̀ lù ú. Prewitt wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Olúwa mi, ìyẹn kò kan ẹjọ́ yìí."

Ilé-iṣẹ́ omi jàre. Trembath di ẹrù rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Inú bí mi débi pé mo bu iyọ̀ sí kọfí lọ́yà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Prewitt jókòó sídìí fèrèsé, ó ní kí n gbé abọ́ méjì wá.

"Ó ti lọ," ni mo wí.

"Ta ló lọ?"

"Ẹni tí o lé."

Kò fọwọ́ kan abọ́ kankan nínú méjèèjì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi pé ó ń ṣe mí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ṣọ́bìrì ẹlẹ́rẹ̀ wọlé, èyí tí Trembath fi sílẹ̀ létí odò gbígbẹ. Ó gbé e ti àga tó kọjú sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń jẹun, ó ń wo ojú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan tí èrò kún ilé, àlejò kan di àga náà mú.

"Ẹnìkan ló ni ín," ni Prewitt wí. "Ṣọ́bìrì rẹ̀ nìyẹn."

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti lọ?"

Lọ́yà tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ yíjú sí mi bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. "Ìyá Dorcas, ṣé ṣọ́bìrì kò di àga mú ni?"

"Inú ilé yìí lo ti sọ ọ́, lọ́yà: ohun tí a kò lò, a ti fi sílẹ̀."

Ó gbé ṣọ́bìrì náà lé itan ara rẹ̀, ó sì ní kí àlejò jókòó.