Èyí Tí Átọ́ọ̀mù Tì Síta

Lùbàbà kì í ṣe ẹni tí ń dákẹ́. Bó bá ń ná ọjà ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ lọ́jà Adjamé l'Abidjan, àwọn tó wà lójú títì á gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti gbé hóró oògùn kan mì nílé ìwòsàn, yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Anoumabo pa rọ́rọ́, àfi firíìjì tó ń kùn. Jẹjẹrẹ ló mú un lọ́rùn. Wọ́n ti gé e kúrò. Oògùn yìí ni yóò pa ìyókù tó fara pamọ́. Àwo kan, ife kan, òun nìkan. Sẹ̀kínà tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá a gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, a kan ilẹ̀kùn, a sì sá bí ẹni tó rí ajá dìgbòlugi.

Micheline, nọ́ọ̀sì ọmọ Àjàṣẹ́, ló ti ṣàlàyé oògùn náà fún un nílé ìwòsàn.

"Màmá, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń jáde nínú ẹ̀. Òun là ń pè ní bẹ́tà."

"Èyí tó ń tan gílóòbù?"

"Òun gan-an. Ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Kí wá ni ti ẹ̀rù? Ṣebí abẹ́ gílóòbù ni mo dàgbà sí."

Micheline rẹ́rìn-ín. "Ti inú gílóòbù, ẹ̀bá átọ́ọ̀mù, ẹyọ tíntín tí gbogbo nǹkan fi pé jọ, ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Bẹ́tà ò gbé ibì kankan rí. Nígbà tí ara kókó àárín átọ́ọ̀mù ò bá balẹ̀, tó fẹ́ di nǹkan mìíràn, ìgbà yẹn ni wọ́n bí i, ìgbà yẹn náà ni wọ́n tì í síta. Eré burúkú ló ń sá, ó sì ń ba ohun tó bá kọlù jẹ́. Bó ṣe ń pa jẹjẹrẹ nìyẹn. Òun fúnra ẹ̀ kì í rìn jìnnà nínú ẹran ara, àmọ́ ìtànṣán mìíràn ń bá a rìn tó ń la ara jáde, oògùn náà sì wà nínú òógùn àti itọ́ yín. Ẹ má gbé ọmọdé títí a ó fi ní ó tó o."

"Ọmọdé wo ló wà lọ́dọ̀ mi?"

Kò mọ̀ pé ọ̀kan ń bọ̀. Ọjọ́ tí Ràyhánà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sọ pé Olútúndé tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lòun máa fẹ́, Lùbàbà gbé ẹrù rẹ̀ síta. Ọmọ gba ọ̀dọ̀ Olútúndé lọ l'Abobo. Kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì mọ́, àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí fóònù dún.

"Màámi, mo ti bímọ. Obìnrin ni. Ẹ wá wẹ̀ ẹ́ fún mi."

Láàárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà l'Abidjan, ìyá tí kò bá wá wẹ àkọ́bí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ nìyẹn.

"Mi ò lè fọwọ́ kàn án," ni Lùbàbà wí. Kó tó sọ ìdí ẹ̀, Ràyhánà ti pa fóònù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Lùbàbà yọjú lójú fèrèsé, ó rí Ràyhánà tòun tọmọ lọ́wọ́.

"Má wọlé! Sún sẹ́yìn! Dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ omi yẹn!"

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni. Nítorí pé bàbá ẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbí?"

"Nítorí bẹ́tà ni! Oògùn jẹjẹrẹ ló wà lára mi."

Ràyhánà kò gbọ́ rí pé jẹjẹrẹ mú ìyá òun. Ó sún sẹ́yìn, àmọ́ inú ṣì ń bí i. "Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, ní lycée. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lásán ni bẹ́tà. Ó wà lára mi, ó wà lára yín, ó wà lára ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ tì mọ́ mi yìí."

Lùbàbà bá sọ gbogbo ohun tí Micheline ṣàlàyé fún un. Ó sọ ọ́ dé ibi tí wọ́n ti bí bẹ́tà, tí wọ́n sì tì í síta.

"Bíi tèmi," ni Ràyhánà wí.

Lùbàbà fi iwájú ti irin fèrèsé.

"Níbo ló wá ń já sí, Màámi?"

"Mo bi nọ́ọ̀sì náà. Ó ní tó bá ti sáré títí tó rẹ̀ ẹ́, á jókòó ti átọ́ọ̀mù tó bá rí. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sáwọn onílé."

"Èmi náà ti jókòó. Abobo ni."

"Mo mọ̀." Ó nu ojú. "Sẹ̀kínà! Bá mi gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, àti ọṣẹ, àti òrí!"

Ràyhánà jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sí i. Lùbàbà dúró lójú fèrèsé, ó ń darí rẹ̀.

"Orí ni kó o kọ́kọ́ fọ̀. Orí ni mo wí! Ṣé ìdí ni wọ́n ń pè lórí l'Abobo?"

Sẹ̀kínà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ figbe ta. Ràyhánà náà rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Má bẹ̀rù ẹ̀, kò lè fọ́. Ó ṣeun. Gbá ọrùn ẹ̀ mú, rọra na apá ẹ̀. Òrí ló kù. Fi ra á lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ yẹn, kó lọ sókè, kó bọ̀ nísàlẹ̀..."

Kí oòrùn tó mú, Ràyhánà ti pọn ọmọ.

"Tí wọ́n bá ti ní ó tó, ẹ pè mí, Màámi."

"Màá pè ọ́."

Géètì padé. Sẹ̀kínà wọlé lọ. Omi ìwẹ̀ ń gbẹ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, firíìjì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìgbà tí Lùbàbà wo ìsàlẹ̀ ló tó rí i pé òun ti ṣí agolo òrí tòun náà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń dán títí dé ìgúnpá. Gbogbo bó ṣe ń wí fún Ràyhánà lòun náà ń ṣe é, láìsí ọmọ lọ́wọ́.

Ó wo ọwọ́ náà títí. Ó wá rọra fi í pa ojú àpá tó wà lọ́rùn rẹ̀, kó lọ sókè, kó bọ̀ nísàlẹ̀.